Ẹ̀yìn Ọkùnrin Ọ̀fà Kì Í Kan Ilẹ̀

Ràímì, fi àpò gàrí yẹn sílẹ̀ níbi tó wà. Mo ní kí o fi í sílẹ̀. Àpò ò bú baba rẹ, kò sì ní sá lọ. Wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, kí o bu omi mu. Ìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ mi tán, ẹni kejì á ti dìde, ẹ ó sì jọ gbé e wọlé. Nígbà tí mo rí ọ tí o tẹ̀ba, tí o ń fa àpò yẹn nílẹ̀, tí o sì tún ń yí ìbàdí sọ́nà ilé lẹ́ẹ̀kan náà, àyà mi já. Ẹ ò gbọdọ̀ bínú sí mi, ẹ̀yin ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí okùn, á sá ni.

Sìdíkátù ń rẹ́rìn-ín. Rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Ìwọ tí ò ń fi gbogbo ọjọ́ tẹ̀wé ní ọ́fíìsì, tí o délé láná tí o ní ọrùn ọwọ́ ń dùn ọ́, tí èjìká náà tún ń dùn ọ́, ọ̀rọ̀ tìrẹ náà wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Nígbà tiwa, kò sí obìnrin tó ń dá ẹrù gbé ka orí ara rẹ̀ ní Ọ̀fà yìí. Kì í ṣe pé a ò lágbára. Bí o bá pọnmi kún ìkòkò lódò, o ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. O ó ṣẹ́ òṣùká rẹ lé orí, o ó sì dúró. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ní iṣẹ́ náà. Á bá ọ tẹ̀, ẹ ó jọ dì í mú, ẹ ó jọ dìde, ẹ ó gbé e rù ọ́. Orogún tí ẹ ò jọ sọ̀rọ̀ láti ọdún Iléyá tó kọjá, bó bá bá ọ lódò, á gbé e rù ọ́, á sì tún padà di ẹnu rẹ̀ pa. Bí o bá délé, o ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ó ké pé, “Ẹ bá mi sọ̀ o,” ẹnikẹ́ni tó wà nínú ilé á jáde, ìyáálé tàbí ìyàwó, kò sí èyí tí iṣẹ́ ọ̀hún kéré jù lójú rẹ̀. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Òwe kọ́ ni lójú wa nígbà náà. Bí a ṣe ń gbé ayé wa ni.

Bẹ́ẹ̀ ni nípa ọlọ. Ẹ̀yin ò mọ ohùn ọlọ mọ́, ẹ̀rọ ló ń pariwo létí yín báyìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, gbogbo agbo ilé á ti máa dún, ọmọ ọlọ lórí ìyá ọlọ, ti ilé wa, ti ilé kejì, títí kan òpin àdúgbò. Mo fẹ́ràn ohùn náà. Orúnkún mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá ọkọ mi, ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ilé, kì í jẹ́ kí n pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó fi amọ̀ mọ pèpéle kan fún ọlọ mi tó dé ìbàdí, kí n lè máa dúró lọ agbádo. Ó ní ẹni tó bá ń fi ọrùn ọwọ́ nìkan lọ nǹkan, bó bá pẹ́ títí, kò ní lè fi ọwọ́ náà dì í mú mọ́. Gbogbo ara ni kí n fi máa lọ síwájú, kí n máa fà á padà pẹ̀lú gbogbo ara, kí n sì dúró na ọwọ́ kí ó tó di pé ó dùn mí. Ṣé o gbọ́, Sìdíkátù? Kí ó tó di pé ó dùn ọ́. Lọ́la, sọ fún ọ̀gá rẹ kí ó wá àga tó ga díẹ̀ fún ọ. Bó bá ní rárá, ní kí ó wá bá mi.

Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà lójoojúmọ́ ayé mi. Ẹ wo bí mo ṣe jókòó yìí. Àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n kúnlẹ̀ ti ọlọ, àwọn tó ṣì kù nínú wọn, orúnkún wọn ti wú, wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ ògiri rìn. Èmi ṣì ń dá lọ sí kọ̀ǹgá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kì í jẹ́ kí n fa omi. Ojú ìyá ọkọ le, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló mọ pèpéle yẹn.

Lóko náà, àwọn ọkùnrin ń ṣe àáró. Oko lágbájá lónìí, oko tàmẹ̀dò lọ́la. Wọ́n á tò sórí poro, wọ́n á máa kọ ebè lọ, ọkọ́ wọn á máa dún pọ̀, ẹni tó dàgbà jù láàrin wọn ló sì ń darí ìrìn. Bó bá nàró, gbogbo wọn á nàró, wọ́n á fi ọwọ́ ti ìbàdí, wọ́n á mu ẹ̀kọ tí a gbé lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá sáré ṣíwájú, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe. Wọ́n á bi í léèrè bóyá ìyàwó rẹ̀ ló ń pè é láti ilé. Ara kì í ṣe òkúta, àwọn àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi eré àti ẹ̀fẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ.

Kí ló wá dé? Irin ló dé.

Àwọn òbí wa ò tíì pẹ́ tí wọ́n padà láti ibi tí ogun lé wọn lọ. Ilé ṣì ń kọ́ lọ́wọ́, ògiri mìíràn ò tíì ní òrùlé, nígbà tí a gbọ́ pé òyìnbó ń tẹ́ irin bọ̀ láti ọ̀nà ìsàlẹ̀, pé ọkọ̀ kan yóò máa rìn lórí rẹ̀ tí kò lẹ́ṣin, tí kò sì lẹ́rú. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀bá ìlú, wọ́n ń gba òṣìṣẹ́, àwọn ọkùnrin wa sì ya lọ. Ọkọ mi náà lọ. Bàbá ńlá yín ni mò ń wí. Orúkọ rẹ̀ kì í jáde lẹ́nu mi, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀ bó bá yá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé rẹ̀ ni, mo sì ti lóyún àkọ́bí, èyí tó jẹ́ bàbá bàbá yín.

Iṣẹ́ irin kò jọ iṣẹ́ oko. Lóko, àgbà ló ń sọ pé ẹ nàró. Níbi irin, fèrè ni. Fèrè ò mọ ẹni tó ti rẹ̀, fèrè ò sì mọ pé ọyẹ́ ń mú. Bó bá dún, ẹ gbé; bó bá tún dún, ẹ gbé òmíràn, irú kan náà, ọ̀nà kan náà, láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀. Àwọn irin kan wà tó nípọn tí wọ́n ń tẹ́ ní ìbú sílẹ̀ kí irin gígùn tó wá jókòó lé wọn. Ẹni méjì ló ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Ojoku, ìlú ìtòsí wa, tó wá síbi iṣẹ́ náà ní bàbá kan tó ń dá orin fún wọn. Bí ó bá dá a, wọ́n á gbé. Bí ó bá ní “ẹ sọ̀ ọ́,” wọ́n á sọ̀ ọ́, wọ́n á mí, wọ́n á tún gbé. Iṣẹ́ wọn ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Àwọn ọkùnrin tiwa ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n fi ń ki ìlú yìí: ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Lórí pápá ìjàkadì, ẹni tó bá kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ló ṣubú. Ohun tí wọ́n gbé lọ sídìí irin nìyẹn. Wọ́n sọ irin di alátakò. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ pé “ẹ sọ̀ ọ́,” kò sì sẹ́ni tó fẹ́ pe ẹnìkejì wá gbé. Àwa obìnrin tí à ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn á dúró, a ó máa wò wọ́n. Obìnrin tó ń fojoojúmọ́ ké pé ẹ bá mi sọ̀, ọkọ rẹ̀ ń kú lọ lábẹ́ irin, kò lè ké. A bú wọn títí. Wọ́n ní kí a gbé abọ́ wa kí a máa lọ sílé.

Àjàní ni orúkọ alátakò ọkọ mi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń jìjàkadì. Gbogbo ọdún ìjàkadì, gbogbo ìlú á dúró de tiwọn, ọ̀mì ló sì máa ń já sí. Wọn ò bá ara wọn ṣọ̀tá, wọn ò sì bá ara wọn ṣọ̀rẹ́. Bí wọ́n bá pàdé lọ́nà, wọ́n á kí ara wọn, ojú á sì máa wo èjìká ẹnìkejì. Lọ́jọ́ kan Àjàní dá ọ̀kan nínú irin náà gbé. Ó gbé e lé èjìká, ó sì rìn lọ. Kí alẹ́ tó lẹ́, gbogbo ìlú ti gbọ́. Ọkọ mi náà gbọ́.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ kejì tó bẹ́ẹ̀ tí ètè ń là. Ara ẹnikẹ́ni ò tíì yá. Bàbá Ojoku ṣì ń wú ikọ́, kò tíì dá orin. Ọkọ mi ní kí ẹnìkejì òun yẹra, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé irin náà, ó sì gbé e dé èjìká ní tòótọ́. Ẹnìkan wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í láti ẹ̀yìn. Ó yíjú padà láti wo ẹni tó ń kì í. Ó yí, ẹrù ò bá a yí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ṣubú, kò ké. Ó gbé irin náà dé ibi tí wọ́n ní kí ó gbé e dé, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò sì lè nàró mọ́. Ó fi ọwọ́ gbá ògiri ilé onílé mú títí ó fi délé.

Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Mo fẹ́ sọ ọ́ sí i lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ojú rẹ̀, mo gbé e mì.

Ìyá rẹ̀ yọ́ òrí, ó fi ra ìbàdí rẹ̀, ó fi omi gbígbóná jó o. Lẹ́yìn náà ó ní kí ó dùbúlẹ̀, kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, kí a ká aṣọ sábẹ́ orúnkún rẹ̀, kí ẹ̀yìn náà lè sinmi. Ó kọ̀. Ọdún ìjàkadì ń bọ̀ lọ́nà. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ajàkadì kì í fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ọdún bá ti ń sún mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ló ń fi sùn. Wọ́n ní ẹ̀yìn tó bá ti mọ ilẹ̀ ní ilé, á tún wá ilẹ̀ ní pápá. Ìrora náà kò sì jẹ́ kí ó lè fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Ó wá ń jókòó ti ògiri tọ̀sán-tòru.

“Ẹ̀yìn ọkùnrin Ọ̀fà kì í kan ilẹ̀,” ni gbogbo èsì tó ń fọ̀.

Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà ilé bẹ̀ ẹ́. Lèmọ́mù àdúgbò wá, ó sọ fún un pé ẹni tó bá ń ṣàìsàn, Ọlọ́run pàápàá ti yọ̀ǹda fún un kí ó kírun lórí ìdùbúlẹ̀. Ó ní òun dúpẹ́, òun á kírun lórí ìjókòó. Títí ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Mo fi abẹ́rẹ́ gún un lẹ́sẹ̀, kò mọ̀.

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ọmọ mi. N kì í tún un sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí. Ọkùnrin kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa tó ti kọ́kọ́ farapa níbi irin kan náà. Ó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́, kò sì nàró mọ́ títí tó fi kú. Mo ń wo oyún inú mi, mò ń wo òjò tó máa tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ebè kan lóko, mo sì ń wo ọkùnrin tí mo fẹ́, tó ń fi ìgbéraga sọ ara rẹ̀ di arọ níṣojú mi.

Ìyá ọkọ mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó so gèlè mọ́ orí, ó jáde. Ilé Àjàní ló lọ.

Àjàní dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, eruku irin ṣì wà lára rẹ̀. Ó kí ìyá ọkọ mi lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó kí mi, ó wo ọkọ mi níbi tó jókòó ti ògiri. Ọkọ mi gbìyànjú láti nàró kí ó má baà rí i bẹ́ẹ̀. Kò lè nàró. Àjàní wo yàrá yíká, ó rí ẹní tí a ti tẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí tí ẹnikẹ́ni ò dùbúlẹ̀ lé, ó bọ́ bàtà, ó sì dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀. Ẹ̀yìn ló fi lélẹ̀, gbalaja, ojú rẹ̀ sókè àjà. Ìyá ọkọ mi bo ẹnu. Ajàkadì, nígbà tí ọdún ń bọ̀, nínú ilé alátakò rẹ̀.

“Àkànbí,” ó ní, “mo ti ṣubú o. Ìyá rẹ rí mi, ìyàwó rẹ rí mi. Wá dùbúlẹ̀ kí ó jẹ́ ọ̀mì, àbí o fẹ́ kí wọ́n máa sọ nígboro pé o dá mi láìfọwọ́ kàn mí?”

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn ún ní ìbàdí, omi bọ́ lójú rẹ̀, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rín àti èyí tó jẹ́ ti ẹkún nínú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí èmi àti ìyá rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọkùnrin Ọ̀fà nìyí.

“Ẹ bá mi sọ̀,” ó ní.

A gbá a mú, a rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Àjàní. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ẹní, ó mí kanlẹ̀, ó sì sùn lọ bí ọmọ tuntun.

Ojoojúmọ́ ni Àjàní ń wá lẹ́yìn náà. Bó bá ti ibi irin dé, á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀, wọ́n á máa wo àjà. Èmi á máa sìn wọ́n lóúnjẹ, n ó máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣu méjì ló wà nínú àká mi. Òun ló kó àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jọ tí wọ́n ṣe àáró lóko wa, tí òjò fi bá ebè nílẹ̀. Nígbà tí ọdún ìjàkadì pé, Àjàní kò jáde sí pápá. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, ó ní ẹ̀yìn òun ti kan ilẹ̀ lọ́dún yìí, òun ti ṣubú ná, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ẹ má fojú kékeré wo ohun tó fi sílẹ̀ yẹn. Òkìkí ọdún kan ló fi ra ẹ̀yìn ọkọ mi padà.

Ẹsẹ̀ náà padà yè, díẹ̀díẹ̀. Ó rìn, ó roko, ó gbé ọmọ jó ní ìkómọ. Nígbà tó padà sídìí irin, òun àti Àjàní ni wọ́n jọ ń gbé, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n á sì dúró títí bàbá Ojoku á fi dá orin. Bó bá wúwo, èyíkéyìí nínú wọn á ní kí wọ́n sọ̀ ọ́. Nígbà tí àwọn yòókù rí i pé àwọn méjèèjì yìí ń sọ ọ́ lẹ́nu, tí ojú kò tì wọ́n, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbe orin. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kọ́kọ́ fọn fèrè wọ Ọ̀fà, tí gbogbo ìlú sá jáde, tí ewúrẹ́ sì sá wọgbó, àwọn méjèèjì dúró tì í lórí ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n nàró ṣánṣán. Mo dúpẹ́.

N kò ní parọ́ fún yín pé ayé àtijọ́ sàn ju tòní lọ. Mo dúpẹ́ fún ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Mo dúpẹ́ fún ọkọ̀ tó ń gbé iṣu láti Ojoku tí orí ò gbé e mọ́. Ohun tó ń jọ mí lójú ni pé ẹrù ti fúyẹ́, ẹ̀yin sì ń dá a gbé. Ilé kún fún ènìyàn, kálukú wà ní yàrá rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ké pé ẹ bá mi sọ̀. Ẹ wá ń ra òògùn ìbàdí lọ́jà bí ẹni ń ra iyọ̀.

Nígbà tí ọkọ mi jáde láyé, arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni, ọ̀pá sì ni Àjàní fi rìn wá. Àwọn ọmọ fẹ́ yára gbé òkú. Àjàní ní kí wọ́n dúró ná. Ó ní kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n jọ gbé e. Ó fi ọwọ́ òun náà kan án. Kí wọ́n tó gbé e, ó wo ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ sí, ó sì rọra bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹni tó jí sọ̀rọ̀.

“Àkànbí, o ṣáájú mi lọ́tẹ̀ yìí. N kò ní sọ pé mo dá ọ. Dúró dè mí, ọ̀mì ni.”

Àkọ́rọ̀ òjò ọdún yẹn ò tíì rọ̀ tí òun náà fi tẹ̀lé e.

Ó yá, Ràímì. Sìdíkátù, dìde bá a. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí orúnkún, ẹ fà á mọ́ra, ẹ jọ dìde. Bó bá wúwo jù lọ́nà, ẹ sọ̀ ọ́. Ọkùnrin méjì tó lágbára jù yín lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ níṣojú mi, títí dòní n kò sì rí èyí tó ṣubú nínú wọn.